Ẹni Tó Kọ Abẹ́rẹ́ Kò Gbọdọ̀ Kọ Ìbòmú

Ẹ̀yin ọmọ mi tẹ́ ẹ ń ṣe nọ́ọ̀sì, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe kẹ́rà, tẹ́ ẹ ń tọ́jú arúgbó, ẹ̀yin dókítà tẹ́ ẹ fi Ìbàdàn, Ṣàgámù àti Ilé-Ifẹ̀ sílẹ̀ tẹ́ ẹ wá ń jẹun ní ọsibítù òyìnbó ní Lọ́ńdọ̀nù, ní Manchester, ní Houston àti ní New York, ẹ jókòó, ẹ̀yin ni mo ń bá wí lónìí. Ọ̀rọ̀ náà kò dùn, n kò sì ní fi oyin lá a. Ojú ń tì mí nítorí yín. Oṣù kẹwàá dé, wọ́n gbé abẹ́rẹ́ fúlù wá bá yín lẹ́nu iṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ kọ̀ ọ́. Wọ́n ní kò burú, ẹni tó bá kọ abẹ́rẹ́ kó fi ìbòmú bo imú àti ẹnu bó bá ń wọ ọ̀dọ̀ aláìsàn. Ẹ tún kọ ìyẹn. Ẹ wá ń gbé ikọ́ àti imú tó ń ṣomi tọ arúgbó lọ lórí ibùsùn, ẹ ní ẹ fẹ́ kí i káàárọ̀. Káàárọ̀ wo?

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mo ti fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n iṣẹ́ yìí ni mo fi ìgbà agbára mi ṣe, kò sì sí ọgbọ́n tẹ́ ẹ ń dá ní wọ́ọ̀dù tí n kò mọ̀. Mo mọ ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ bí nọ́ọ̀sì abẹ́rẹ́ bá ti ti tírọ́lì rẹ̀ wọlé, tòun ti páálí abẹ́rẹ́, òwú, àti ike aláwọ̀ ìyeyè tí wọ́n ń ju èyí tí wọ́n bá lò tán sí. Àwọn kan á ti ká apá aṣọ sókè kó tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Àwọn ọmọ tèmi á rántí lójijì pé aláìsàn kan wà tí àwọn fẹ́ lọ yí padà lórí ibùsùn. Ilé ìtọ̀ á kún. Ẹni tí kò bá ríbi sá sí á ní òun ti gbà á lọ́dọ̀ dókítà àdúgbò òun. Bí wọ́n bá bi í pé ọjọ́ wo, á ní, "Lọ́sẹ̀ yẹn." Ọ̀sẹ̀ wo? Ẹnu tó ń bá aláìsàn gbàdúrà lówùúrọ̀ náà ló ń purọ́ lọ́sàn-án.

Ẹ má pe fúlù ní ọ̀fìnkìn fún mi. Ọ̀fìnkìn á mú ọ sín, imú rẹ á ṣomi, wàá sì tún lọ sọ́jà. Fúlù á dá ọ dùbúlẹ̀. Ibà á gbóná, orí á fọ́, gbogbo oríkèé á máa ro ọ́, ikọ́ gbígbẹ á máa gbo ọ́ láyà. Ọmọ ọgbọ̀n ọdún tí ara rẹ̀ dá ṣáká á sinmi fún bí ọ̀sẹ̀ kan, á dìde. Ṣùgbọ́n arúgbó tí ọkàn rẹ̀ kò lágbára mọ́, ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà, ẹni tí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ti bàjẹ́, aboyún, ọmọ ọwọ́, àwọn wọ̀nyí ni fúlù máa ń di òtútù àyà mọ́ lára. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé láàrin 290,000 sí 650,000 ènìyàn ni àìsàn èémí tí fúlù ń fà ń pa lọ́dọọdún káàkiri ayé.

Ẹ má sì sọ pé àrùn òyìnbó ni. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1918, ọkọ̀ ojú omi kan tó ń jẹ́ Bida gbé fúlù ọdún náà láti Gold Coast wọ èbúté Èkó. Àìsàn náà bá àwọn èrò sọ̀kalẹ̀, ó bá wọn wọ ọkọ̀ ojú irin, ó sì gba inú ilẹ̀ lọ. Àwọn òpìtàn ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí ìdajì mílíọ̀nù ènìyàn ló kú ní Nàìjíríà kí ó tó rọlẹ̀. Nígbà náà, kò sí abẹ́rẹ́ kankan fún un. Ẹ̀yin tí wọ́n gbé tiyín wá bá lórí tírọ́lì, ẹ ń sá wọ ilé ìtọ̀.

Ọ̀nà tó ń gbà ràn ni kò jẹ́ kí n lè dákẹ́. Èémí ló ń bá jáde, àti ikọ́, àti sísín, àti ọwọ́ tó nu imú tó sì di irin ibùsùn mú. Ẹni tó ti kó o lè bẹ̀rẹ̀ sí í tú u síta láti bí ọjọ́ kan kí ara rẹ̀ tó gbóná rárá, yóò sì máa tú u fún bí ọjọ́ márùn-ún sí méje lẹ́yìn tó bá ti dùbúlẹ̀. Àwọn mìíràn tilẹ̀ wà tí wọ́n á kó o, tí wọn ò ní mọ̀ títí yóò fi lọ. Nítorí náà, ẹni tó ní, "Bó bá ti ń ṣe mí, n óò dúró sílé," ti fi ọjọ́ kan pẹ́ kó tó mọ̀. Ní ọjọ́ kan yẹn, ènìyàn mélòó lo ti bọ́? Ènìyàn mélòó lo ti wẹ̀?

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí. Bí ẹnìkan bá ń wúkọ́ níwájú rẹ lọ́jà, wàá yà fún un. Bó bá ṣe nínú bọ́ọ̀sì ni, wàá sọ̀ kalẹ̀. Aláìsàn tó wà lórí ibùsùn kò lè yà fún ọ, kò sì lè sọ̀ kalẹ̀. Kò yàn ọ́. Orúkọ rẹ ni wọ́n kọ sínú ìwé ṣíìfù ọjọ́ náà, ìwọ ló sì bá nígbà tó lajú. Ìwọ lò ń gbé e jókòó, ìwọ lò ń fún un ní tíì mu, ìwọ lò ń nu ìdí rẹ̀. Bó o bá bẹ̀rẹ̀ láti fa ìrọ̀rí rẹ̀ sókè, ojú rẹ àti ojú rẹ̀ kò ju ìbú ọwọ́ kan síra lọ, èémí tó o bá mí síta, òun ló ń fà símú. Ara rẹ, ìwọ lo ni ín, n kò bá ọ du ìyẹn. Afẹ́fẹ́ tó wà láàrin ìwọ àti aláìsàn, ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ ni ín, òun ló sì lẹ̀mí láti pàdánù síbẹ̀.

Ìlànà mi kò ju mẹ́ta lọ. Gba abẹ́rẹ́. Bí o kò bá gbà á, bo imú àti ẹnu rẹ láti ìgbà tí fúlù bá ti gbòde títí yóò fi lọ. Bí ara rẹ kò bá yá, dúró sílé. Ẹni tó bá kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kó lọ wá iṣẹ́ mìíràn ṣe tí kò ní í fi ojú kan ojú pẹ̀lú aláìsàn.

Mo mọ̀ pé àwáwí wà lẹ́nu yín. Ẹ kó o jáde.

Ẹnìkan ní, "Mọ́mì, ara mi le, fúlù kì í ṣe mí. Agbo ni mo ń mu." Inú mi dùn pé ara rẹ le. Ara ìyá ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin tó o ń tọ́jú kò le. Ìwọ tí ara rẹ le yìí gan-an ni mo ń bẹ̀rù jù, torí pé wàá kó o, kò ní dá ọ dùbúlẹ̀, wàá sì máa gbé e kiri láti yàrá dé yàrá. Agbo rẹ kò burú, máa mu ún. Ṣùgbọ́n èmi ò tíì rí agbo tí ìwọ mu tó ń dáàbò bo ẹni tí kò mu.

Ẹlòmíràn ní, "Ọdún tí mo gbà á, òun gan-an ló kó fúlù bá mi." Èyí ló ń bí mi nínú jù, torí pé ẹni tó kàwé ló ń sọ ọ́. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gún sí yín lápá, kòkòrò fúlù tí wọ́n ti pa, tàbí èyí tí wọ́n ti fọ́ sí wẹ́wẹ́, ló wà nínú rẹ̀; kò lè di àrùn mọ́. Apá lè máa dùn ọ́, ara rẹ lè gbóná díẹ̀ fún ọjọ́ kan tàbí méjì, ìyẹn ni pé ara rẹ ti ń kọ́ bí yóò ṣe dojú kọ ọ́. Ẹ̀kọ́ náà ń gba nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì. Bó o bá kó fúlù kí ọ̀sẹ̀ méjì náà tó pé, tàbí bó o bá kó ọ̀kan nínú àwọn kòkòrò mìíràn tó kún ìgbà òtútù, o ní abẹ́rẹ́ ló fà á. O kẹ́kọ̀ọ́ nípa bí ara ṣe ń bá àrùn jà, o ṣe ìdánwò rẹ̀, o yege, wọ́n fún ọ níwèé ẹ̀rí. Lónìí, fídíò ẹni tí kò ka orí kan nínú ìwé náà ló ń kọ́ ọ lórí WhatsApp.

Ẹ̀kẹta ní, "Kì í tilẹ̀ ṣiṣẹ́ dáadáa." Ẹni yìí di òtítọ́ mú díẹ̀, n óò sì fún un ní tirẹ̀. Kòkòrò fúlù máa ń yí ara padà, ìdí nìyẹn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ń yan èyí tí wọ́n máa fi ṣe abẹ́rẹ́ ìlú olótùútù ní oṣù kejì ọdún, oṣù mẹ́fà àti jù bẹ́ẹ̀ lọ kí òtútù tó dé. Ìgbà mìíràn, ohun tí wọ́n yàn kì í bá èyí tó jáde mu. Ní ọdún tó bá bára mu, ó máa ń dín ewu àìsàn náà kù ní ìdá 40 sí 60 nínú 100. Kò pé, ṣùgbọ́n ó ju òfo lọ. Kí ẹ sì gbọ́ èyí tẹ́ ẹ kì í fi kún un: lára arúgbó, agbára rẹ̀ kéré sí ti inú ara ọ̀dọ́. Ìyá tó ti gba tirẹ̀ kò tíì bọ́ lọ́wọ́ ewu tán. Ara ẹ̀yin tẹ́ ẹ yí i ká ló yẹ kí àrùn náà ti kọ́kọ́ pàdánù ọ̀nà.

Àwọn onímọ̀ kan dán èyí wò nínú ogún ọsibítù àwọn arúgbó ní Glasgow, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 2000. Níbi tí wọ́n ti fi abẹ́rẹ́ lọ àwọn òṣìṣẹ́, ìdá 13.6 nínú 100 àwọn arúgbó ló kú ní ìgbà òtútù náà. Níbi tí wọn kò ti fi lọ̀ wọ́n, ìdá 22.4 ni. Àwọn onímọ̀ mìíràn ti jiyàn lẹ́yìn náà pé ìyàtọ̀ yẹn pọ̀ ju ohun tí fúlù nìkan lè fà lọ, pé kí a má gbé e kọ́rùn bí ẹni gbé ọ̀rọ̀ Ọlọ́run. Mo gbà. N kò ní fi àsọdùn ran òtítọ́ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n àríyànjiyàn náà dá lórí bí àǹfààní náà ṣe tóbi tó. Kò sí èyíkéyìí nínú wọn tó sọ pé kẹ́rà tó ń wúkọ́ máa wọlé tọ arúgbó lọ láìbo ẹnu.

Ẹ̀kẹrin gbé ìgbàgbọ́ wá. Pásítọ̀ ní nọ́mbà ẹranko ló wà nínú rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, kẹ́ ẹ tó gba iṣẹ́ yìí, ṣé wọn ò yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò nítorí mẹ́dọ̀wú ni? Ṣé wọn ò bi yín nípa abẹ́rẹ́ èéyi àti ti ikọ́ ẹ̀gbẹ? Èyí tí ẹ ò tíì gbà nínú wọn, ẹ tò láàárọ̀, ẹ gbà á, ẹ sì dúpẹ́, torí pé físà àti owó oṣù ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Káàdì ibà pọ́njú wà nínú páṣípọ́ọ̀tù pásítọ̀ fúnra rẹ̀. Nọ́mbà ẹranko kò sí nínú abẹ́rẹ́ tó ń mú owó wá. Inú èyí tó ń dáàbò bo arúgbó ẹni ẹlẹ́ni nìkan ló wà. Ẹ̀yin Mùsùlùmí tẹ́ ẹ ń bi mí nípa ẹlẹ́dẹ̀, ìbéèrè yín ní láárí, n óò sì dáhùn rẹ̀. Èyí tí wọ́n ń fín símú àwọn ọmọdé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní èròjà kan tí wọ́n ń yọ lára ẹlẹ́dẹ̀. Èyí tí wọ́n ń gún fún àgbàlagbà kò ní in. Ìbéèrè ti tán, apá dà?

Ẹ̀karùn-ún ni àwọn tó mọ òfin. Wọ́n ní, "Ẹ̀tọ́ wa ni. Wọn ò lè fipá mú wa." Ẹ jẹ́ ká jọ wo òfin náà, kí ẹ má rò pé ìyá arúgbó kò kàwé.

Ọsibítù Virginia Mason ní ìlú Seattle ló kọ́kọ́ sọ abẹ́rẹ́ fúlù di dandan fún òṣìṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, ní 2005. Ṣáájú ìgbà náà, nǹkan bí ìdajì òṣìṣẹ́ wọn ló ń gbà á. Láti ìgbà náà, ó lé ní ìdá 97 nínú 100. Ẹgbẹ́ àwọn nọ́ọ̀sì gbé wọn lọ síwájú onílàjà tó ń parí ẹjọ́ òṣìṣẹ́ àti ọ̀gá, wọ́n sì jàre, pé ọsibítù kò lẹ́tọ̀ọ́ láti dá irú òfin bẹ́ẹ̀ ṣe fún wọn láìbá ẹgbẹ́ jókòó. Ọsibítù wá ní kí àwọn nọ́ọ̀sì tí kò bá gbà á máa lo ìbòmú. Ní 2009, ìjọba ìpínlẹ̀ New York fẹ́ sọ ọ́ di dandan fún òṣìṣẹ́ ìlera. Ilé ẹjọ́ dá a dúró, abẹ́rẹ́ náà kò sì kárí, wọ́n yọwọ́. Ní 2013, wọ́n gba ọ̀nà mìíràn: gbà á o, má gbà á o, ṣùgbọ́n bí ìjọba bá ti kéde pé fúlù ti gbòde, ẹni tí kò gbà á gbọdọ̀ lo ìbòmú níbi tí aláìsàn bá lè wà. Ní Ontario lórílẹ̀-èdè Kánádà, irú òfin yìí dé iwájú onílàjà ní 2015, ó tún dé ibẹ̀ ní 2018, àwọn nọ́ọ̀sì sì jàre lẹ́ẹ̀mejèèjì. Àwọn onílàjà náà ní ẹ̀rí kò tó pé kí wọ́n fi ìbòmú ni ẹni tí ara rẹ̀ dá lára fún odidi oṣù nítorí pé kò gba abẹ́rẹ́.

Mo mọ̀ pé èyí tó gbẹ̀yìn yẹn lẹ fẹ́ gbọ́. Ẹ gbọ́ ọ dópin. Ohun tí wọ́n dá lẹ́jọ́ ni bí ọ̀gá ṣe lè fi agbára lo òṣìṣẹ́ tó. Wọn ò dá a lẹ́jọ́ pé abẹ́rẹ́ kò dára. Ẹgbẹ́ àwọn nọ́ọ̀sì pàápàá kò sọ pé kí ọmọ ẹgbẹ́ máà gbà á. Kì í ṣe gbogbo ohun tí òfin kò fipá múni ṣe ló yẹ kí ọmọlúàbí fi sílẹ̀. Òfin wo ló fipá mú ọ kí àgbà? Òfin wo ló ní kó o bu omi fún àlejò?

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi ń ṣe ẹ̀rí mi. Wọn ò fìgbà kan sọ abẹ́rẹ́ fúlù di dandan fún nọ́ọ̀sì níbẹ̀. Ti kòrónà ni wọ́n sọ di dandan nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó ní oṣù kọkànlá 2021, ariwo sọ, wọ́n sì fagi lé e ní oṣù kẹta 2022. Ti fúlù, ẹ̀rí ọkàn ni wọ́n fi í sílẹ̀ fún. Kí ni ẹ̀rí ọkàn fi ṣe? Ní òtútù 2020 sí 2021, tí ìbẹ̀rù kòrónà ṣì wà lára, nǹkan bí ìdá 77 nínú 100 òṣìṣẹ́ ìlera tó ń fojú kan aláìsàn ní England ló gbà á. Ní òtútù 2023 sí 2024, ó ti já wá sí nǹkan bí 43. Gbogbo àwọ̀ àti gbogbo ẹ̀yà ló wà nínú wọn, n kò sọ pé ẹ̀yin nìkan ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní kí wọ́n fi òun sílẹ̀ fún ẹ̀rí ọkàn òun, kó jẹ́ ká rí ẹ̀rí ọkàn náà.

Ó wá ku ìbòmú, èyí tí kì í dunni, tí kì í wọ inú ẹ̀jẹ̀, tí pásítọ̀ kò rí nọ́mbà kankan lára rẹ̀. Mo rí bẹ́ ẹ ṣe ń lò ó. Ó ń rọ̀ dirodiro nísàlẹ̀ àgbọ̀n bí irùngbọ̀n òbúkọ, imú wà níta, ẹnu wà níta. Ọ̀gá dé, ẹ fà á sókè. Ọ̀gá kọjá, ẹ fà á wálẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ kan náà tẹ́ ẹ fi fà á tún oúnjẹ aláìsàn ṣe. Èyí tẹ́ ẹ lò láàárọ̀ lẹ ká sínú àpò fún ọ̀sán, ó ti rin gbindin. Ta lẹ ń tàn? Ẹ gbọ́ mi bí ẹni tó ń kọ́ ọmọ tuntun: ẹ fọ ọwọ́ kẹ́ ẹ tó mú un. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ òkè rẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ egungun imú. Ẹ fà á bo àgbọ̀n tán. Bó bá ti tutù, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Okùn etí ni kẹ́ ẹ fi bọ́ ọ, ẹ má dì í níwájú, ẹ sọ ọ́ nù, kẹ́ ẹ tún fọwọ́. Ìbòmú lásán yìí ń dá ohun tó ń ti ẹnu yín jáde dúró ju bó ṣe ń dá ohun tó ń bọ̀ wọlé dúró lọ, nítorí náà aláìsàn lẹ ń lò ó fún. Bó bá jẹ́ pé ẹni tó ti ní fúlù lẹ ń tọ́jú, ẹ tẹ̀ lé ohun tí ilé iṣẹ́ yín là sílẹ̀; bí wọ́n bá ní èyí tó dì mọ́ ojú dáadáa ni, ẹ jẹ́ kí wọ́n wọ̀n ọ́n mọ́ yín lójú kẹ́ ẹ tó gbẹ́kẹ̀ lé e.

Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ má jókòó síbẹ̀ kẹ́ ẹ máa mi orí. Ìka tó ṣẹ̀ lọba ń gé, tiyín sì wà níbẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ni ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó, ẹ lẹ ìwé mọ́ ògiri pé ẹni tí ara rẹ̀ kò bá yá kó má wá síṣẹ́. Kẹ́rà tí kò yá pè yín lórí fóònù, ẹ ní ta ni yóò ṣe ṣíìfù rẹ̀. Ẹ mọ̀ pé wákàtí tó bá ṣe nìkan lẹ ń sanwó rẹ̀, ẹ mọ̀ pé físà rẹ̀ wà lọ́wọ́ yín. Ọ̀pọ̀ ọdún ni òfin owó àìsàn nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ní kí òṣìṣẹ́ má gba nǹkan kan fún ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ tó bá fi ṣàìsàn; ọjọ́ mẹ́ta yẹn gan-an sì ni fúlù máa ń ràn jù. Obìnrin tó ń san owó ilé, tó ń fi owó ránṣẹ́ sílé fún ìyá rẹ̀, yóò gbé oògùn ibà mì, yóò wọ bọ́ọ̀sì, yóò sì wá. Kí ẹ tó bá a wí, ẹ san owó ọjọ́ tó bá dúró sílé. Ẹ ra ìbòmú tó tó, kẹ́ ẹ má tì í mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù. Ẹ jẹ́ kí tírọ́lì abẹ́rẹ́ dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ òru pẹ̀lú. Ẹ kì í gbé e wá lóru, aago mẹ́wàá òwúrọ̀ nìkan lẹ mọ̀. Ẹ sì fi sùúrù dáhùn ìbéèrè wọn. Ẹni tí wọ́n bá pariwo mọ́ yóò gba abẹ́rẹ́ lọ́dún yìí, yóò sì sá lọ́dún tó ń bọ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé, ní Èkó, ní Abẹ́òkúta, ní Ọ̀wọ̀, ẹ má rẹ́rìn-ín àwọn tó wà lókè òkun. Abẹ́rẹ́ fúlù kò sí nínú ètò àjẹsára ìjọba yín, nítorí náà ìbòmú, omi àti ọṣẹ ni gbogbo ohun ìjà yín. Síbẹ̀, mo rí nọ́ọ̀sì tó ń wúkọ́ sójú ọmọ tuntun níbi tí wọ́n ti ń wọn àwọn ọmọ. Ṣé ẹ ti gbàgbé ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọsibítù kan ní Ọ̀báléndé, l'Ékòó? Ní oṣù keje 2014, ọkùnrin kan gbé Ẹ́bólà wọ Èkó láti Liberia. Dókítà Ameyo Stella Adadevoh kọ̀, kò jẹ́ kó jáde ní ọsibítù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn aṣojú ìjọba orílẹ̀-èdè ọkùnrin náà ń fúngun mọ́ ọn. Ogún ènìyàn ni àrùn náà mú ní Nàìjíríà, mẹ́jọ kú, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera wà lára wọn, Dókítà Adadevoh fúnra rẹ̀ sì kú ní ọjọ́ 19 oṣù kẹjọ. Ní ogúnjọ́ oṣù kẹwàá, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé àrùn náà ti kúrò ní Nàìjíríà. Ìlú tó ní irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ ni ẹ ti wá. Ẹnikẹ́ni kò ní kí ẹ̀yin kú. Wọ́n ní kí ẹ bo imú àti ẹnu, kí ẹ sì fọwọ́.

Ẹ̀yin ti òkè òkun náà, ẹ̀yin kọ́ ni ẹni àkọ́kọ́ tó fi iṣẹ́ yìí gba ọ̀nà ibẹ̀. Kofoworola Abeni Pratt kúrò ní Èkó lọ kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ọsibítù St Thomas' ní Lọ́ńdọ̀nù lẹ́yìn ogun Hitler. Ó wà lára àwọn nọ́ọ̀sì adúláwọ̀ àkọ́kọ́ nínú ètò ìlera ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ní ìgbà tí aláìsàn òyìnbó lè ní òun kò fẹ́ kí ọwọ́ dúdú kan òun. Ó padà sílé, ó sì di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó jẹ́ mátírọ̀ọ̀nù ní UCH Ìbàdàn. Irú wọn ló fi iṣẹ́ àṣekára ra orúkọ tẹ́ ẹ ń jẹ lónìí, tí òyìnbó fi ń sọ pé nọ́ọ̀sì Nàìjíríà mọ ìtọ́jú. Ẹ má fi ikọ́ tà á.

Bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, a ó fi ọwọ́ ọ̀tún fà á mọ́ra. Mo mọ òru tẹ́ ẹ fi ń ṣiṣẹ́, mo mọ ẹ̀yìn tó ń dùn yín, mo mọ èébú tẹ́ ẹ ń gbé mì. Nítorí pé mo mọ̀ ọ́n ni n kò fi fẹ́ kí ìdílé arúgbó kan dúró lẹ́yìn ìsìnkú kí wọ́n máa bi ara wọn pé ta ló gbé e wọ yàrá ìyá wa. Bí òtútù bá tún dé, ẹ tọ nọ́ọ̀sì abẹ́rẹ́ lọ kó tó wá yín dé wọ́ọ̀dù. Ẹni tí dókítà bá sọ fún pé ara rẹ̀ kò gba abẹ́rẹ́ náà, kó lo ìbòmú, kó lò ó dáadáa, kí ẹnikẹ́ni má sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹni tí ara rẹ̀ kò yá, kó pe ọ̀gá, kó dùbúlẹ̀. Ẹni tó bá sì ń bínú sí mi nítorí ohun tí mo sọ lónìí, kó máa bínú lọ. Kó ṣáà ti gba abẹ́rẹ́ kó tó bínú tán.